Mọ́tò Àtijọ́ Tí A Tún Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ Tò, àti Bí Ó Ti Ń Sáré Nísinsìnyí

Àwọn àgbà a máa wí pé arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe iyèméjì sí òwe yìí, kí ó wá wo mọ́tò pupa kékeré kan tí ń bẹ li ẹnu ọ̀nà ilé wa ní ìlú London. Orúkọ rẹ̀ ni MGB. Li oṣù September ọdún 1962 li a kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ han aráyé. Ìlú Abingdon, tí kò jìnnà sí Oxford, ni wọ́n ti ń ṣe é, títí ilé iṣẹ́ náà fi ti ilẹ̀kùn li oṣù October ọdún 1980. Èyí tí ó lé ní 500,000 li ó ti ibẹ̀ jáde. Ènìyàn méjì péré li ó ń gbé, òrùlé rẹ̀ sì ṣeé ká sẹ́yìn li ọjọ́ tí oòrùn bá yọ. Kì í ṣe mọ́tò akẹ́rù rárá. Eré sísá àti ìgbádùn li a ṣe é fún.

Tiwa jáde li ọdún 1967. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́rin, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1,798 c.c., kábúrétọ̀ méjì li ó sì ń po epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ fún un. Nígbà tí a rà á, èéfín aláwọ̀ aró ń tú jáde ní ìdí rẹ̀, ọ́ìlì ń tán nínú rẹ̀ bí omi inú ìkòkò jíjò, kò sì lè gun òkè kékeré láìmí hẹlẹ. Mẹkáníìkì kan tí ó mọ irú rẹ̀ dáradára tú u palẹ̀. Ó gbẹ́ inú sìlíńdà fẹ̀ díẹ̀, ó fi pístìnì titun, ríìngì titun, béárìn titun àti kámùṣáfìtì titun sí i. Ó tún fi ìjókòó fáàfù líle sí i, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000 ni wọ́n ti dá títa pẹtiróòlù olójé dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òjé yìí li ó sì ń dáàbò bo ìjókòó fáàfù àwọn mọ́tò àtijọ́.

Níhìn-ín li a fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi wa, kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹlòmíràn. Owó tí a fi ṣe iṣẹ́ yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Fún ọdún méjì li aya wa ti ń tu owó jọ láti lọ bá ìyá rẹ̀ yọ̀ li Abẹ́òkúta, nígbà tí Màmá bá pé ẹni ọgọ́rin ọdún. A bẹ̀ ẹ́ kí ó yá wa ní apá kan, a sì ṣe ìlérí láti san án padà kí ọjọ́ náà tó pé. Nígbà tí a gbé mọ́tò wá sílé, mẹkáníìkì kìlọ̀ pé kí a má ṣe tan ẹ́ńjìnnì títí òun yóò fi dé li ọjọ́ kejì. A kò gbọ́. A pe àwọn aládùúgbò, a tan án, a sì jẹ́ kí ó máa rọra yí fún nǹkan bí wákàtí kan, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Lójú wa, ìkẹ́ ni.

Kí li ó burú níbẹ̀? Kámùṣáfìtì jẹ́ ọ̀pá irin tí ó ní gegele li ara. Bí ó ti ń yí, gegele wọ̀nyí a máa ti tápẹ́ẹ̀tì sókè láti ṣí fáàfù. Irin li ó ń ha irin níbẹ̀. Ọ́ìlì tí kiránkì ń fọ́n káàkiri nígbà tí ó bá ń yí kíákíá li ó ń rin gegele náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá rọra ń yí, èyí tí ń dé ibẹ̀ kò tó. Nítorí náà, láti ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá tan án, kámùṣáfìtì titun gbọ́dọ̀ yí ní ìgbà 2,000 sí 2,500 ti kiránkì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí ojú irin méjèèjì tó mọ ara wọn.

A kò tíì rin 300 máìlì tí a fi gbọ́ ariwo kò-kò-kò, agbára mọ́tò sì lọ sílẹ̀. Nígbà tí mẹkáníìkì ṣí i, gegele kan ti jẹ tán, ẹ̀rún irin sì ti bá ọ́ìlì dé inú béárìn. Gbogbo rẹ̀ li a ní láti tún tú palẹ̀. A jókòó li àṣálẹ́ ọjọ́ náà, a kò lè gbé ojú sókè. Aya wa kò bínú, kò sì pariwo. Èyí gan-an li ó dùn wá jù. Ó wí pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ mú owó ìyókù. Ṣùgbọ́n li ọ̀tẹ̀ yìí, èmi ni n ó di aago mú."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ li ó rí. A da ọ́ìlì tí a ṣe fún ẹ́ńjìnnì àtijọ́ sínú rẹ̀, nítorí síńkì tí ń dáàbò bo gegele kò pọ̀ tó nínú ọ̀pọ̀ ọ́ìlì ayé ìsinsìnyí. Mẹkáníìkì wà nídìí kábúrétọ̀, aya wa dúró pẹ̀lú aago lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ títí 20 ìṣẹ́jú fi pé. Lẹ́yìn náà li a pa á, a sì da ọ́ìlì náà nù.

Fún 500 máìlì àkọ́kọ́, a kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yí kọjá 3,000, bẹ́ẹ̀ ni a kò jẹ́ kí ó fi jíà gíga gbin gun òkè. Ṣùgbọ́n a kò kẹ́ ẹ jù pẹ̀lú. Ara sìlíńdà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ní ìlà wẹ́wẹ́ tí ń di ọ́ìlì mú, agbára iná tí ń jó lórí pístìnì li ó sì ń ti ríìngì mọ́ ọn. Bí a kò bá mú un ṣiṣẹ́ rárá, ríìngì kò ní jókòó, ara sìlíńdà yóò dán bí dígí, ọ́ìlì yóò sì máa jó títí. Bí a bá sì nà án jù, ooru yóò ba irin titun jẹ́. Ẹ̀yin òbí tí ń tọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Nígbà tí 500 máìlì pé, a pààrọ̀ ọ́ìlì, a tún nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnnì dè, a sì tún àlàfo tápẹ́ẹ̀tì ṣe sí ìwọ̀n 15 nínú 1,000 ínǹṣì.

Báwo li ó ti ń sáré nísinsìnyí? Ó ń jí ní ìpè kan. Lójú ọ̀nà, aago agbára ọ́ìlì dúró ní nǹkan bí 60. Bí ó bá sì gbóná tí ó ń sinmi, kì í rẹlẹ̀ ju 20 lọ. Èéfín aró ti dópin. Òkè tí ó ti ń dá a dúró tẹ́lẹ̀ rí, ó ń gùn ún nísinsìnyí bí ẹni tí ń bọ̀ wá jẹun. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ bí ti àwọn olóhùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin. Òtítọ́ ni pé òjò ṣì ń rí ọ̀nà wọlé, mọ́tò titun gbogbo sì ń kọjá wa li ọ̀nà ńlá. A kò bá wọn du ú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ iye tí ó ná wa. Màmá pé ọgọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ kò sì sí li ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí a tó lè san owó náà padà tí ó fi lọ. Ó bá Màmá láàyè, inú wọn sì dùn; síbẹ̀ ọjọ́ tí ó ti kọjá, kò sí mẹkáníìkì tí ó lè tún un tò. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ tí ó gba sùúrù lọ́wọ́, kí ó gbọ́ ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, kí ó má sì ṣe fi owó ẹlòmíràn ra ìyìn aládùúgbò.

Li ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, àwa méjèèjì wà á dé Abingdon, níbi tí a gbé bí i. Nígbà tí ó di àtibọ̀, aya wa na ọwọ́ sí wa fún kọ́kọ́rọ́. A fi í lé e lọ́wọ́, a sì lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì.