Akéde Èkó: Ìwé Ìròyìn Tí Kò Mọ Ààlà

Ní ọdún 1928 ni I. B. Thomas dá Akéde Èkó sílẹ̀ ní ìlú Èkó. Ìwé ìròyìn ni, ṣùgbọ́n olóòtú rẹ̀ kò há ara rẹ̀ mọ́ ìròyìn. Bí ó bá rìnrìn àjò, a kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí; bí ọ̀ràn ìlú bá gbóná, a dá sí i. Àìdúró sójú kan yìí ni adùn iṣẹ́ rẹ̀, òun náà sì ni èrè rẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú ìwé náà, èyí tí arúgbó obìnrin kan, Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, fi ń ka àbámọ̀ ayé rẹ̀. Orúkọ àdúgbò Èkó àti orin ìgbà náà kún inú rẹ̀, òǹkàwé sì gbà á gbọ́. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Nígbà tí ó di ìwé ní ọdún 1930, ó di èyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe yára bá akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ti orí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí òmíràn wí. Ó lè jẹ́ pé ibi tí ó ń lọ ni kò tí ì hàn.