Ilé Àjọgbé fún Ẹni Tí Ó Ń Jáwọ́ Nínú Oògùn Olóró

Ọ̀pọ̀ òbí ni ó gbà pé ọjọ́ tí dókítà bá ní kí ọmọ máa lọ sílé ni wàhálà parí. A ti san owó, ọmọ ti sanra, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀. Kí ni ó tún kù? Èyí tí ó kù gan-an ni ó le jù, òun ni mo sì fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ọmọ ẹlòmíràn mọ́. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ilé-iṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nínú 100 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64 ní Nàìjíríà, ó lé ní 14 tí ó lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, 33 ni. Wọn kò tilẹ̀ ka ọtí àti sìgá mọ́ ọn.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá, tí ó ti wà láti ọdún 1907, ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì tí a ti ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti di bárakú fún. Irú ibẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ lọ, pàápàá bí ó bá jẹ́ ọtí, nítorí pé ẹni tí ó ti ń mu ún lámuyíràá tí ó sì dáwọ́ dúró lójijì lè gìrì, ó sì lè kú. Ṣùgbọ́n bárakú kì í gbé inú ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ó ń gbé ojú ọ̀nà, ó ń gbé òórùn, ó ń gbé ọ̀rẹ́ àti wákàtí kan láàárín ọjọ́. Ẹ wo Kòsọ́fẹ́ wa yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń já ẹrù tòmátì lórí ọkọ̀ ní Máìlì 12 kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò kọjá lára àwọn tí ń ta paraga, àwọn tí ń ta ọtí inú ọ̀rá, àti àwọn tí ń fa igbó lẹ́yìn gáréèjì, kí ó tó dé Kétu. Orúkọ ni wọ́n sì ń pè é. Ó ṣòro kí ẹni tí ó jáde láti ilé ìwòsàn lánàá má dáhùn.

Ewu mìíràn wà tí àwọn òbí kì í sábà gbọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ènìyàn kò fọwọ́ kan tramadol tàbí codeine, ara rẹ̀ kò lè gba ìwọ̀n tí ó ń lò tẹ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá padà sí ìwọ̀n àtijọ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, èémí rẹ̀ lè dúró.

Ibí yìí ni ilé àjọgbé ti wúlò. Kì í ṣe ilé ìwòsàn, kì í sì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ilé lásán ni, tí àwọn tí wọ́n ti gba ìtọ́jú jọ ń gbé fún oṣù mélòó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń jáde lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ń dá owó ilé àti owó oúnjẹ, wọ́n ń gbálẹ̀ ní ìdá-ìdá, wọ́n ń wọlé ní àkókò tí wọ́n fẹnu kò sí, wọ́n sì ń ṣe ìpàdé níbi tí oníkálùkù ti ń sọ bí ọ̀sẹ̀ ti rí fún un. Òfin tí kò ṣeé tẹ̀ ni pé kò sí ọtí, kò sí oògùn olóró. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ìtumọ̀ òwe náà kò mọ sí ọ̀nà kan.

Ní ọdún 1975, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ilé irú èyí kan fẹ́ tì nítorí àìsí owó. Paul Molloy àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀ gba ilé náà fúnra wọn, wọ́n pè é ní Oxford House. Lónìí, irú ilé bẹ́ẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà púpọ̀, àwọn olùgbé ni wọ́n sì ń dìbò yan olórí wọn. Leonard Jason ti Yunifásítì DePaul tọ ipasẹ̀ 150 ènìyàn tí wọ́n jáde láti ibi ìtọ́jú: ìdajì lọ sí Oxford House, ìdajì gba ìtọ́jú ìgbẹ̀yìn bí a ti máa ń ṣe é. Àbájáde tí a tẹ̀ ní ọdún 2006 ni pé lẹ́yìn ọdún méjì, nǹkan bí 31 nínú 100 àwọn ti àkọ́kọ́ ni ó padà sídìí ọtí tàbí oògùn. Nínú àwọn yòókù, ó tó 65. Àwọn ará ilé àjọgbé sì ríṣẹ́ ṣe jù wọ́n lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní àṣà òyìnbó. Ní ọdún 1954, Dókítà Adéoyè Lámbò, ọmọ Baptist Boys' High School ní Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sí abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn Aró ká. Ìbátan kan ń tẹ̀ lé aláìsàn, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, aláìsàn ń lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, ó sì ń padà sí agbo ènìyàn. Kì í ṣe oògùn olóró ni ó dojú kọ, ṣùgbọ́n òye kan náà ni: ibi tí ènìyàn ń gbé jẹ́ ara ìwòsàn rẹ̀.

Owó ni ìṣòro. Ẹni tí ó bá mọ bí onílé ṣe ń gba owó ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan ní Ìkòsì mọ̀ pé ènìyàn mẹ́fà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kò lè rí i kó jọ. Òfin Amẹ́ríkà kan ti ọdún 1988 ṣí ọ̀nà fún yíyá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 4,000 dọ́là láti fi bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí ó ń kun kíláàsì ní ọ̀dà lọ́dọọdún lè ṣe irú rẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn.

Kí a sì la ojú wa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá bá ohun tí ó lé ní 300 ọkùnrin àti ọmọdé, àwọn mìíràn nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ní ilé kan ní Rigasa ní Kaduna tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ilé àtúnṣe. Ìwádìí Human Rights Watch lọ́dún náà kò sì yọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ọmọ yín sí ibikíbi, ẹ béèrè ta ni dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń ké sí lóru. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tí ó bá ṣubú padà. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ wo ilẹ̀kùn, bóyá láti ìta ni wọ́n ti ń tì í. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ lè wá kí i. Ilé tí ó bá ní kí ẹ má wá rárá, ẹ mú ọmọ yín, kí ẹ wá òmíràn.