Ìtàn Akọni Wo Ló Bá Ìwà Rẹ Mu?

Ẹni tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ rẹ̀ ti kú rí, tí kò rí oorun sùn, yóò rí ara rẹ̀ nínú ìtàn Gilgamesh, ọba Uruk, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì lónìí. Nígbà tí Enkidu, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, kú, ẹ̀rù ikú ba ọba yìí. Ó rìn jìnnà, ó ń wá àìkú. Ó rí ewé tí ń sọ àgbà dọmọdé, àmọ́ ibi tó ti ń wẹ̀ ni ejò ti jí i gbé.

Ó jókòó, ó sunkún.

Ẹni tí àárò ilé ń sọ ní ìdálẹ̀ ńkọ́? Odysseus ará Gíríìsì ni tirẹ̀: ọdún 10 lójú ogun, ọdún 10 lójú ọ̀nà. Calypso, òrìṣà obìnrin kan, fi àìkú lọ̀ ọ́, ó kọ̀. Penelope ìyàwó rẹ̀ ló ń rò.