Kí ló kan èlé báńkì nínú owó ọkọ̀ Ìkòtún?

Ọjà wọ́n, àbí? Kí ló wá dé tó jẹ́ èlé ni Báńkì Àpapọ̀, CBN tí a ń pè, máa ń gbé sókè? Ṣé èlé la fẹ́ jẹ ni?

Ẹ jẹ́ ká mú Ìkòtún. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Epo wọ́n, awakọ̀ dánfó fi kún owó ọkọ̀. Ẹ má bínú sí i jù: owó ọkọ̀ yẹn ni owó oṣù tiẹ̀. Ìyá tó wọ ọkọ̀ náà lọ sọ́jà fi kún owó tòmátì. Òṣìṣẹ́ tó ra tòmátì ní owó oṣù òun ò tó òun jẹ mọ́. Ní oṣù Keje 2024, owó oṣù tó kéré jù kúrò ní ₦30,000, ó di ₦70,000. Ìjọba Èkó ní ₦85,000 lòun máa san. Bí ọlọ́jà ṣe gbọ́, ó tún fi kún un. Ọjà ń lé owó oṣù, owó oṣù ń lé ọjà.

Eré yìí ni CBN fẹ́ dá dúró. Ní oṣù Kejì 2024, ìgbìmọ̀ tí Olayemi Cardoso ń darí gbé èlé láti ìdá 18.75 sí 22.75 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Nígbà tó fi di oṣù Kọkànlá, ó ti di 27.50. Èlé yìí ni àwọn báńkì ń wò kí wọ́n tó dá tiwọn lé e. Tí ẹ̀yáwó bá wọ́n, ìnáwó á dínkù, ọlọ́jà á sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó fowó lé ọjà.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ní Alímọ̀ṣọ́ ló ń yáwó báńkì ra gààrí? Awakọ̀ Ẹ̀gbẹ́dá kì í wo èlé, epo ló ń wò. Ní oṣù Kejìlá 2024, pẹ̀lú gbogbo èlé yẹn, ọjà ṣì fi ìdá 34.80 wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú.

Lójú tèmi, ọ̀nà dọ́là ni èlé fi ń ràn wá lọ́wọ́ jù. Èlé tó ga ń fa olówó òkèèrè wá yá ìjọba wa lówó ní náírà. Dọ́là tó kó wá ń ti náírà lẹ́yìn. Tí náírà bá dúró, owó epo àti àlìkámà ò ní máa fò bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ta ló wá ń sanwó rẹ̀? Télọ̀ Ìgàndò tó fẹ́ yáwó ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Òun kọ́ ló fi kún owó epo o! Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, CBN dín èlé kù sí 27, ìdajì ìdá kan péré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ gbèsè, ṣé báńkì yín dín tiyín? Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa.