Sinimá Kékeré Lọ́wọ́ Àwọn Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Àwọn òbí kan a máa wí pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá gbé fóònù lọ́wọ́ tí ó ń ya àwòrán kiri, eré ni ó ń ṣe. A kò bá wọn jiyàn pé eré wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ bá kó ọmọ mẹ́fà jọ, tí ó ní kí wọ́n lọ ya sinimá oníṣẹ́jú márùn-ún péré, kí wọ́n sì mú un wá kí sáà tó parí, iṣẹ́ ńlá ni ó gbé lé wọn lọ́wọ́. Ìfẹ́ wa ni pé kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ilẹ̀ Ẹ̀gbá gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàyè.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ tí kò jìnnà. Ká ní àwọn mẹ́fà yìí yan àdìrẹ, tí wọ́n sì wá ìyá aláró kan lọ. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi rí i pé aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú ìkòkò aró ẹ̀lú kì í dúdú lójú ẹsẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ó kọ́kọ́ ń ní. Afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di àwọ̀ aró díẹ̀díẹ̀. Ìyípadà yìí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tí ó di kámẹ́rà mú bá ń wo ibòmíràn, tàbí tí ẹni tí ó yẹ kí ó ta á lólobó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, ó ti bọ́ nìyẹn. Wọ́n di ẹni tí ń bẹ ìyá aláró pé kí ó tún rẹ aṣọ mìíràn. Bí ìyá bá ti bínú ńkọ́? Ẹni tí ó mọ ẹ̀bẹ̀ nínú wọn ni yóò gbà wọ́n sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, bóyá òun gan-an ni ó sì gbẹ̀yìn nínú ìdánwò ìṣirò.

Ọmọ tí ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kì í hàn nínú àwòrán, ẹnikẹ́ni kì í sì í yìn ín. Ṣùgbọ́n bí ó bá tòògbé, ariwo ọ̀kadà ni yóò bo ohùn ìyá aláró mọ́lẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n bá wá jókòó láti gé àwòrán wọn, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ni ìjà gidi ń dé. Wọ́n ti ya bíi wákàtí kan. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni olùkọ́ fẹ́. Ta ni yóò gbà kí a da tirẹ̀ nù? Èyí tí ó gun Òkè Olúmọ lọ nínú oòrùn láti ya ìlú láti òkè wá kò ní fẹ́ gbọ́ pé àwòrán náà dára, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rọ̀ aró mu. Kí olùkọ́ má ṣe sáré parí ìjà yìí fún wọn o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ bí a ti ń sọ òtítọ́ fún ọ̀rẹ́ láìbà á jẹ́, àti bí a ti ń gbọ́ ọ láìbínú kúrò láàárín ẹgbẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Túndé Kèlání, tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Abẹ́òkúta, tí ó sì ka ìwé ní Abeokuta Grammar School, ni ó ya sinimá “Ayinla” tí ó jáde ní ọdún 2021, nípa Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà ọmọ Ẹ̀gbá. Ó kọ́ iṣẹ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní London Film School lónìí. Àṣà ilé-ẹ̀kọ́ náà ni pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ya sinimá ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ iṣẹ́: ẹni tí ó jẹ́ olùdarí ní sáà yìí lè di agbohùnsílẹ̀ ní sáà tí ń bọ̀.

Pípààrọ̀ iṣẹ́ yìí ni a fẹ́ kí àwọn olùkọ́ wa mú lò, nítorí a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe é. Nígbà tí àwa fúnra wa wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n fún àwa márùn-ún ní iṣẹ́ àjọṣe kan. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣe é. Àwa yòókù fi orúkọ sí i, máàkì kan náà ni gbogbo wa sì gbà. Ojú ṣì ń tì wá bí a bá pàdé ẹni náà.

Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí ọmọ olówó tí fóònù tirẹ̀ dára jù di olórí ẹgbẹ́, kí ó má sì jẹ́ pé omi pípọn àti oúnjẹ rírà nìkan ni yóò kan àwọn ọmọbìnrin. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ojú ìwé kan nípa ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ ṣe. Kí wọ́n sì gba àyè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fẹ́ yà, kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà sókè. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni à ń yà.

Bí sinimá náà bá sì parí, kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní sùúrù. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ fún ìyá aláró kí ó wò ó. Òun ni yóò mọ̀ bóyá wọ́n rí ibi tí aṣọ ti yí padà.