Adìyẹ Mélòó Ni Kí A Dá Sí Nígbà Ọyẹ́?

Ẹni tó bá ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé gbọdọ̀ ti mọ iye tí yóò dá sí kí ọyẹ́ tó dé.

Ìṣirò ni mo fi ń ṣe tèmi. Àgbébọ̀ tó ń yé ẹyin dáadáa a máa jẹ tó gíráàmù 120 lóòjọ́. Bí wọ́n bá jẹ́ 10, kìlò 108 ni wọn yóò jẹ ní ọjọ́ 90. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kòkòrò àti koríko tí wọ́n ń ṣà jẹ kì í pọ̀. Bí oúnjẹ kò bá tó, wọn a rù, wọn a sì ṣíwọ́ ẹyin yíyé.

Àkùkọ 6 àti àgbébọ̀ 16 ni mo ní. Ìyàwó mi ní kí a dá gbogbo wọn sí. Mo ní, "Ìyá Bọ́lá, àkùkọ 1 tó fún àgbébọ̀ 10. Kí ni 5 yòókù ń jẹ àgbàdo wa fún?" A óò ta àkùkọ 5 àti àgbébọ̀ 6 tó ti darúgbó kí ọdún Kérésìmesì tó kọjá, nígbà tí adìyẹ ń gbówó lórí. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ yóò ti ibẹ̀ jáde.

Ẹ ṣọ́ra fún lúkúlúkú, àrùn tó máa ń pa adìyẹ nígbà ọyẹ́. Kò ní oògùn ìwòsàn. Ẹ tètè fún wọn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ má sì ra adìyẹ ọjà dà mọ́ tilé lásìkò náà.

Ẹ má wo iye tí ojú ń fẹ́. Iye tí àgbàdo yín lè bọ́ ni kí ẹ dá sí.