Bí Owó Iná Ẹ̀rọ Amúlétutù Yóò Ṣe Dínkù Láti Ṣẹrẹ Dé Ọ̀pẹ

Lókè òkun, owó àtimú ilé gbóná ló ń dààmú onílé. Ní Ọ̀fàdà, Mowe, Ibafo àti Ifọ̀, ooru la ń bá jà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ NERC, tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná lò jù lójúmọ́, kúrò ní náírà 68 sí 225 fún yúníìtì kan. Nígbà tó di oṣù keje, ó ti wálẹ̀ sí 209.5. Láti ìgbà náà, òǹkà tí a tẹ̀ sórí rimóòtù ẹ̀rọ amúlétutù ti di ọ̀rọ̀ owó oúnjẹ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí a bá tẹ dígírì 16, yàrá yóò tètè tutù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára ẹ̀rọ tí kì í ṣe inverter, bákan náà ni agbára tó ń lò nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ 16 tàbí 25. Ibi tí yóò ti sinmi nìkan ni òǹkà náà ń sọ fún un. Ní 25, bí yàrá bá ti tutù tó, ẹ ó gbọ́ tí àpótí ìta yóò dún "kàù", tí ariwo rẹ̀ yóò sì rọlẹ̀. Ní 16, yàrá olórùlé páànù kò ní tutù débẹ̀, àpótí ìta kò sì ní sinmi mọ́jú.

Ìṣirò

Ẹ̀rọ tó ń jẹ yúníìtì kan ní wákàtí kan, bí kò bá sinmi fún wákàtí 8, yóò jẹ náírà 1,676 lóru kan, ní 209.5. Bó bá sinmi fún ìdajì àkókò náà, 838 ni.

Láti oṣù dé oṣù

- Ṣẹrẹ: ọyẹ́ ń fẹ́ lóru. Ẹ pa ẹ̀rọ.
- Èrèlé sí Igbe: ìgbà yìí ni ooru mú jù. Ẹ tẹ 25, kí ẹ tan fáànù mọ́ ọn. Iná tí fáànù ń jẹ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ẹ̀rọ.
- Ẹ̀bìbí sí Agẹmọ: òjò dé. Ẹ tẹ 26, ẹ fọ àsẹ́ inú ẹ̀rọ.
- Ògún: ilẹ̀ tutù. Fáànù ti tó.
- Owéwe àti Ọ̀wàrà: 26.
- Bélú àti Ọ̀pẹ: ooru padà kí ọyẹ́ tó dé. 25.

Níbòmíràn

Ní ọjọ́ 2 oṣù kejì 1977, Ààrẹ Jimmy Carter rọ àwọn ará Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má mú ilé gbóná ju nǹkan bíi dígírì 18 lọ lọ́sàn-án, àti 13 lóru. Láti 2005 ni ìjọba Japan ti ń rọ àwọn ọ́fíìsì láti máa lo 28 nígbà ooru. Ní Íńdíà, láti ọdún 2020, 24 ni wọ́n ń tò sínú ẹ̀rọ tuntun láti ilé iṣẹ́. Àjọ tó ń bójú tó ìlò iná níbẹ̀ sọ pé dígírì kan tí a bá fi kún un ń dín iná kù ní ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má torí owó jẹ́ kí ilé tutù ju 18 lọ, pàápàá ilé arúgbó tàbí ọmọ ọwọ́. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ ẹ wà nílé, ẹ ka mítà kí ẹ tó sùn, kí ẹ sì tún un kà lówùúrọ̀: òru kan ní 16, òru kejì ní 25. Ohun tí ẹ bá rí nínú mítà yín ni kí ẹ gbà gbọ́.